Ayálégbé mi jẹ owó ilé, àbúrò ọkọ mi ní ká yọ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin onílé Àkúrẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dọ̀tun, Ìjọ̀kà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ilé onílé. Fúláàtì mẹ́rin ni olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wa ní Ìjọ̀kà, oníyàrá méjì-méjì. Nínú owó rẹ̀ ni mo ti ń san owó ilé-ìwé Dọ̀tun, kì í ṣe owó tí mo lè fi ṣeré rárá.

Tẹ́náǹtì ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lápá Ìdànrè, á tún un tà fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń sanwó kí ọjọ́ tó pé. Owó ilé rẹ̀ parí ní Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, láti ìgbà náà wá, “Màmá, owó kòkó máa wọlé” ni mò ń gbọ́. ₦350,000 lọ́dún ni owó ilé náà. Èyí tó tún pa kún un ni pé mítà kan ni òun àti àwọn ará òkè jọ ń lò. Àwọn tòkè ń ra iná, òun ò dá owó mọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti ń di ìjà lójoojúmọ́.

Àbúrò ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé òun á wá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kò ní pẹ́ kó ẹrù rẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n lọ kó ọlọ́pàá wá. Èmi ò fẹ́ wàhálà, ṣùgbọ́n mi ò lè máa fi ilé tọrẹ. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

Bọ̀dá Kíátékà:
Àbúrò ọkọ yín mọ ohun tó ń sọ, Màmá. Láti Òkè-Àró títí dé Ìsínkàn ni mo ti ń bá àwọn onílé bójú tó ilé wọn. Tẹ́náǹtì tó bá ti jẹ owó ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹnu lásán ò lè lé e. Ẹ tiẹ̀ yọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ nìkan ná, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá owó ò ní jáde.

Lọ́yà Alágbàká:
Ẹ kú àmójútó ilé, Màmá. Bọ̀dá Kíátékà, ẹ má bínú o, irú ìmọ̀ràn yẹn ló máa ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ lówó di ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹni tó bá àdéhùn wọlé, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ò gbà kí onílé fipá lé e, ìbáà jẹ owó ọdún méjì. Kóòtù nìkan ló lè ní kó jáde. Bẹ́ ẹ bá yọ ilẹ̀kùn tó wá lọ pẹjọ́ pé òjò ba ẹrù òun jẹ́, pé olè wọlé kó owó kòkó òun, ẹ̀yin lẹ máa san owó gbà-má-bínú. Bó bá ní mílíọ̀nù méjì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ta ló fẹ́ sọ pé irọ́ ni?

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Òjúkwú àti ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1985, ìjọba lé e jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà níwájú kóòtù. Ní 1986, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n ní ìjọba pàápàá kò láṣẹ láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ìjọba tó ní sójà o! Kí wá ni ti onífúláàtì mẹ́rin ní Ìjọ̀kà?

Ní ti ọlọ́pàá, abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 là á mọ́lẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí pé ó kàn yẹ àdéhùn. Owó ilé tí wọn ò san, àdéhùn tó yẹ̀ ni, kì í ṣe olè jíjà. Bó bá fọ́ nǹkan tàbí tó lu èèyàn, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Màmá, ẹ dá mi lóhùn ohun méjì: ṣé ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀? Ṣé ẹ sì ti gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Oṣù Kẹta yẹn?

Ìyá Dọ̀tun, Ìjọ̀kà:
Ẹ ṣé gan-an, Lọ́yà. Àgírímẹ́ǹtì wà. Ọdún tó kọ́kọ́ wọlé la kọ ọ́, ọdún kan péré ló wà níbẹ̀, a ò tún un kọ mọ́, rìsíìtì nìkan ni mò ń já fún un. Ní Oṣù Keje ó mú ₦100,000 wá. Mo gbà á, mo kọ “owó ilé” sórí rìsíìtì.

Lọ́yà Alágbàká:
Mo ti mọ̀ pé ₦100,000 kan á wà níbì kan!

Ká ní ẹ ò gba kọ́bọ̀ lẹ́yìn tí ọdún tí ẹ jọ dá parí, ìwé ọjọ́ 7 pé ẹ fẹ́ gba ilé yín ì bá tó kẹ́ ẹ tó kọrí sí kóòtù. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú rìsíìtì yẹn, àti pé ọdọọdún lẹ ti ń gbowó láìkọ àdéhùn tuntun, lọ́yà rẹ̀ á dìde, á ní ẹ ti fún un ní ọdún mìíràn. Kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ kà á sí ayálégbé ọlọ́dọọdún. Oṣù 6 ni ìwé ìfilọ̀ ọlọ́dọọdún, àfi bí àgírímẹ́ǹtì yín bá dá iye mìíràn. Ti ẹni tó ń san lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, oṣù 3; ti olóṣooṣù, oṣù 1; ti ọlọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 1.

Kíkọ ni ká kọ ọ́, kì í ṣe ká pariwo ẹ̀ lójú ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀, fúláàtì tó wà, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde, ìbuwọ́lùwé yín. Bó bá jẹ́ ejẹ́ǹtì tàbí kíátékà ló máa buwọ́ lù ú, ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé àṣẹ fún un, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bà jẹ́. Ẹ fi lé e lọ́wọ́. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má gbára lé WhatsApp nìkan. Bí oṣù 6 bá pé tó ṣì wà níbẹ̀, ìwé ọjọ́ 7 ló kàn, lẹ́yìn náà kóòtù Majísíréètì ní Òkè-Ẹ̀dá. Bí adájọ́ bá dá a pé kó jáde, tó bá kọ̀, akọ́dà kóòtù ló máa kó ẹrù síta. Kò kan àbúrò ọkọ.

Àwọn kan á máa sọ pé bí ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìfilọ̀ bá fi ẹyọ kan yẹ̀, ẹjọ́ onílé ti fọ́ nìyẹn. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ayálégbé tó ti gba ìwé ìpẹ̀jọ́ kò lè máa sá pamọ́ sẹ́yìn àléébù ìwé ìfilọ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹ má torí ìyẹn kọ ìwé játijàti.

Ọmọ Èkó Tó Padà Wálé:
Lọ́yà, kí ló dé tẹ́ ò sọ ti òfin ilé 2011? Ó ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Lọ́yà Alágbàká:
Òfin Èkó nìyẹn, arákùnrin. Ní Èkó gan-an, kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà. Kò tíì gba ọ̀nà Orẹ̀ dé Àkúrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Onílé, Oǹdó:
Ìyá Dọ̀tun, ọ̀rọ̀ òfin ti dé ibi tó yẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Èmi ní ilé oníyàrá-kọjú-síra lápá Yábà níbí ní Oǹdó, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fojú rí ẹ̀dá.

Ọkùnrin yín yẹn ò jọ gbájúẹ̀ lójú mi. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kòkó. Ní Oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York. Gbogbo ẹni tó ní owó lọ́wọ́ àti ẹni tó yá owó ló kọrí sínú oko lọ ra kòkó. Nígbà tó fi máa di ìparí 2025, iye yẹn ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó rà á lówó gọbọi, tó ń retí kó tún gbé sí i, gbèsè ló kó sínú àpò. Mo mọ àwọn tó ta mọ́tò.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹni tí kò ní, bẹ́ ẹ bá gbé e dé kóòtù, kóòtù á ní kó san, kò sì ní san. Ilé ni kẹ́ ẹ lé, ẹ má lé owó. Ẹ ṣírò rẹ̀: oṣù 6 fún ìfilọ̀, oṣù tí ẹ ò mọye rẹ̀ ní kóòtù, owó lọ́yà (Lọ́yà, ẹ má bínú), kẹ́ ẹ sì tún kun ilé lẹ́yìn rẹ̀. Owó tó máa ṣòfò lórí fúláàtì yẹn á ju gbèsè tó wà nílẹ̀ lọ.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé n óò pè é jókòó, n óò pe ìyàwó rẹ̀ náà, torí obìnrin ló sábà máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé gan-an. N óò ní: “Bí o bá kó jáde ní ọjọ́ báyìí, mo fi báyìí jì ọ́, wàá sì máa san èyí tó kù díẹ̀díẹ̀.” A ó kọ ọ́, ẹlẹ́rìí á buwọ́ lù ú. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lọ. Àwọn mìíràn ò san èyí tó kù, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi ní òmùgọ̀ ni mí.

Bọ̀dá Kíátékà:
Ẹ̀gbọ́n, ìdí nìyẹn tí gbogbo onígbèsè Àkúrẹ́ fi ń sá wá bá yín ní Oǹdó.

Ẹ̀gbọ́n Onílé, Oǹdó:
Yàrá mi kì í ṣófo, àbúrò. Àwọn ilé tí o yọ ilẹ̀kùn wọn ńkọ́?

Ayálégbé Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ̀yin onílé, ẹ ti sọ̀rọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo tẹ́náǹtì tí kò sanwó ló burú, kì í sì í ṣe gbogbo onílé tó ń pariwo ló jàre. Sọkawéè ilé tí mò ń gbé ti kún láti ìgbà òjò, omi ìdọ̀tí ń padà sínú ilé ìwẹ̀. Onílé ní kí àwa ayálégbé dá owó kó o. Páànù pálọ̀ mi ń jò. Bí òjò bá ti ń ṣú ni mo ti ń gbé báàkẹ́tì sábẹ́ rẹ̀. Mo pè é títí, kò gbé fóònù. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ fowó lé e, òun náà ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: láti ₦200,000 sí ₦320,000, “bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀”, nígbà tí ọdún mi ṣì ku oṣù márùn-ún! Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ₦73,000 ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Lọ́yà Alágbàká:
Kò lè fowó lé ọdún tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Bí ọdún bá parí, ẹ lè jọ dúnàá-dúrà lórí tuntun. Ní ti àtúnṣe, ẹ wo àgírímẹ́ǹtì yín. Bí kò bá sọ nǹkan mìíràn, òrùlé, ògiri àti sọkawéè, ọwọ́ onílé ni wọ́n sábà máa ń wà. Gílóòbù, ẹnu ẹ̀rọ omi, ṣùúbù ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí ọmọ fi bọ́ọ̀lù fọ́, ti ayálégbé ni.

Ìyá Dọ̀tun, Ìjọ̀kà:
Ọmọ mi, má bínú. Èmi ni mò ń kó sọkawéè ilé tèmi. Àwọn onílé kan ń ba orúkọ wa jẹ́.

Bàbá Àpàtàpìtì:
Àgbàlagbà lẹ̀ ń sọ o. Ẹ wá sí ẹ̀yìn fásitì FUTA kẹ́ ẹ wá wo ti àwọn ọmọdé. Ọmọ kan á wá gba yàrá kan, ìyá rẹ̀ á tẹ̀ lé e, á kúnlẹ̀ kí mi, ọmọ á dọ̀bálẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí mo fi máa rí orí mẹ́rin tó ń yọ lójú fèrèsé kan náà. Sukúátà! Ẹni tó gba yàrá ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kù, ó ti di onílé lẹ́yìn mi. Súmò tó yẹ kó fa omi fún èèyàn mẹ́jọ á wá máa fa fún ogún, bó bá jóná, èmi ni wọ́n ń pè.

Ní báyìí, iye èèyàn tó lè gbé yàrá kan ti wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Òbí ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí onídùúró, mi ò gba “ẹ̀gbọ́n mi tó wà l’Ékòó” mọ́. Kí ọmọ tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, a jọ ya fọ́tò ògiri, àjà, síńkì, ilẹ̀kùn; fọ́tò wà lórí fóònù tèmi àti tirẹ̀. Nígbà tó bá ń lọ, a ó tún yà á. Owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀, èyí tó fi sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bà jẹ́, á padà sọ́wọ́ rẹ̀ bí nǹkan kan ò bá bà jẹ́. Onílé tó bá ń jẹ owó kọ́ṣọ̀n ló ń kọ́ wọn láti má san owó oṣù tó kẹ́yìn, ẹ gbọ́ mi?

Ìkan tún kù. Ní 2022, àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ láti Oṣù Kejì títí di Oṣù Kẹwàá. Àwọn ọmọ lọ sílé, ẹrù wọn wà nínú yàrá mi, àwọn òbí ní kí n má ka oṣù mẹ́jọ yẹn mọ́ wọn. Ìjà gidi ni. Àgírímẹ́ǹtì àwọn kan nínú wa kọ “sẹ́ṣọ̀n kan”, ta ló mọ ìgbà tí sẹ́ṣọ̀n parí? Ẹ máa kọ ọjọ́: láti ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, sí ọjọ́ báyìí. Ẹ má kọ sẹ́ṣọ̀n.

Ẹlẹ́tíríṣàn Arákalẹ̀:
Kò sẹ́ni tó dá sí ti iná tí Màmá sọ. Mítà kan fún fúláàtì méjì, ìjà ló ń bí. Ẹ béèrè fún mítà fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà kékeré sójú wáyà tó wọ fúláàtì kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í gba káàdì, tó kàn ń ka iye iná. Lópin oṣù ẹ ó ka nọ́ńbà rẹ̀, kálukú á rí iye tó jẹ. Láti Oṣù Kẹrin 2024 tí iná Band A, ti àwọn tó ń rí iná jù, ti gbówó lórí, ẹni tó ń fi iná gbé omi kaná àti ẹni tó ní gílóòbù mẹ́ta ò lè máa dá iye kan náà. Kẹ́nikẹ́ni má ṣe gba wáyà lẹ́yìn mítà o. Orúkọ onílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n bá dé. Ẹ má sì gé iná rẹ̀ nítorí owó ilé, ìyẹn ò yàtọ̀ sí yíyọ ilẹ̀kùn.

Ìyá Dọ̀tun, Ìjọ̀kà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti bá a jókòó, ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Oǹdó, ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyàwó ló sọ pé wọ́n ti ta mọ́tò. Ó ní àwọn á kó lọ sílé ìyá òun ní Ìdànrè kí Oṣù Kejì tó parí. Kò sówó lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkọ ní kí n gba fírísà ńlá tí wọ́n ń lò, kí n yọ owó rẹ̀ nínú ₦250,000 tó kù nílẹ̀. Fírísà náà wúlò fún mi nídìí ẹja tí mò ń tà. Àbúrò ọkọ mi ní kí n yára ti fírísà náà mọ́lé kí ọkùnrin náà tó yí ọkàn padà. Ṣé kò léwu?

Lọ́yà Alágbàká:
Ẹ bá mi kí àbúrò ọkọ yín, ó ń gbìyànjú! Bí ọkùnrin náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ jọ dá iye lé e, ọjà lẹ jọ ṣe. Bẹ́ ẹ bá tì í mọ́lé, ẹ ti gba ẹrù olẹ́rù. Ẹ kọ ọ́ báyìí, kẹ́ ẹ yí iye owó sí èyí tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò sí:

“Èmi (orúkọ), tí mò ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ní (àdírẹ́sì), gbà pé mo jẹ (orúkọ onílé) ní ₦250,000 owó ilé. Mo fi tìfẹ́tìfẹ́ fún un ní fírísà mi kan, tí a jọ dá ₦150,000 lé, kí ó fi yọ nínú gbèsè náà. Onílé fi ₦50,000 jì mí. Èmi yóò san ₦50,000 tó kù ní ₦10,000 lóṣooṣù láti Oṣù Kẹrin. Èmi yóò kó jáde, n óò sì dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ padà, kí ọjọ́ 28 Oṣù Kejì tó kọjá. Bí n kò bá kó jáde lọ́jọ́ náà, ₦50,000 tí onílé fi jì mí ti padà di gbèsè.”

Ẹ̀yin méjèèjì á buwọ́ lù ú, kálukú yóò sì mú ẹlẹ́rìí kan wá. Ẹ má fi mọ síbẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ fún un ní ìwé ìfilọ̀ oṣù 6, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ìjà. Bó bá lọ, ìwé náà ò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Bí kò bá lọ, ọjọ́ ti ń kà. Owó yòówù tó bá mú wá láti ìsinsìnyí, ẹ kọ “gbèsè àtẹ̀yìnwá” sórí rìsíìtì rẹ̀. Mi ò fẹ́ rí “owó ilé” mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Onílé, Oǹdó:
Ẹ tan fírísà náà mọ́jú kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.

Bọ̀dá Kíátékà:
Ẹ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú, Màmá. Mo mọ ẹni tó máa ń tún un ṣe ní Ìsínkàn.

Ìyá Dọ̀tun, Ìjọ̀kà:
Ó ń gbá yìnyín dáadáa, mo ti wò ó. Ọ̀la la máa buwọ́ lù ú, bàbá ìjọ wọn ni ẹlẹ́rìí tiwọn. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Ẹlẹ́tíríṣàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye mítà kékeré yẹn ránṣẹ́ sí mi, méjì ni mo fẹ́.

Ayálégbé Ọ̀bà-Ilé:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Fúláàtì ìsàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá kó jáde, èló lẹ fẹ́ gbé e fúnni?

Ìyá Dọ̀tun, Ìjọ̀kà:
Wọn ò tíì di ẹrù, o ti ń bèèrè! ₦400,000, mítà tirẹ̀ á dá wà, onídùúró méjì, mi ò gba owó ejẹ́ǹtì.

Ayálégbé Ọ̀bà-Ilé:
Ṣé páànù rẹ̀ ò jò?

Ìyá Dọ̀tun, Ìjọ̀kà:
Fúláàtì ìsàlẹ̀ ni, ọmọ mi. Àwọn tòkè ló máa kọ́kọ́ pariwo.